Ìlẹ̀kùn mi há lóṣù kẹjọ, ó wá ń gba aláǹgbá wọlé lọ́yẹ́: káfíńtà ni àbí igi?

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 9, oṣù kìíní)

Ẹ kú ọyẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ló gbé mi wá. Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni mo ní kí káfíńtà kan ní Ìlọrin níbí ṣe ìlẹ̀kùn àbáwọlé fún mi. Pákó afárá ló fi ṣe é. Ó to pákó mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó wá kan igi mẹ́ta dábùú wọn lẹ́yìn. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 900 mìlímítà. Ó dùn ún wò, mo sanwó, a jọ rẹ́rìn-ín.

Òjò dé. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù keje, ìlẹ̀kùn ti ń há. Lóṣù kẹjọ, àwọn ọmọ mi ń fi èjìká tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Mo pe káfíńtà, ó fá etí rẹ̀ níbi kọ́kọ́rọ́, ó lọ, ó sì ń ṣí wẹ́rẹ́. Ọyẹ́ ti wá dé báyìí. Mo fi rúlà àwọn ọmọ wọn àlàfo tó wà láàárín ìlẹ̀kùn àti férémù: 11 mìlímítà. Ọmọńdinrín mi ń wọ̀ ọ́ geere. Lánàá, aláǹgbá kan gba ibẹ̀ wọlé, ó dúró, ó ń mi orí sí mi bíi pé èmi ni mo wá kí i. Ahọ́n kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ dé inú ihò rẹ̀ mọ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, ìlẹ̀kùn ti ṣí.

Mo pe ọkùnrin náà, ó ní igi ló ń mí. Mo ní igi tó ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á ló ń mí? Ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ bá a jà.

OmoIjakadi (ọjọ́ 9, oṣù kìíní)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọyẹ́. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ n kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn àti férémù Táńkẹ ti dara pọ̀ mọ́ wa. Lóṣù kẹjọ wọ́n dì mọ́ra, lóṣù kìíní ọ̀kan ju ìkejì sílẹ̀.

Ẹ lọ gba owó yín. Pákó tútù ló lò fún yín. Pákó tó bá ti gbẹ dáadáa kì í wú, kì í súnkì mọ́ láéláé.

KafintaGaaAkanbi (ọjọ́ 9, oṣù kìíní)

Ọ̀rẹ́ wa ará Ọ̀fà, n kò ní jẹ́ kí gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá lọ. Ọdún kẹtàlélógún tí mo ti di ayùn mú rèé. Mo ti tún ìlẹ̀kùn kan ṣe ládùúgbò Adéta, bàbá tó ni ilé bá a lára ilé ni, òun náà sì ti darúgbó. Títí di òní, bí òjò bá pọ̀, ó ń há. Igi kì í gbẹ débi tí omi ò ní lè padà sí i lára mọ́. Bí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, á fà á mu. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, á tú u sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́. Oṣù kẹta, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ti súnkì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó lè súnkì dé. Ẹni tó bá ń gbé ìlẹ̀kùn kọ́ lásìkò yẹn gbọ́dọ̀ máa ro oṣù kẹjọ. Ó jọ pé mìlímítà mẹ́ta péré ló fi sílẹ̀, torí òun ni ojú oníbàárà ń fẹ́. Bí àlàfo bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ kò mọ́. Òjò dé, ó há, ó wá fá a. Ohun tó fá dànù lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ọyẹ́ ì bá bá yín mú kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá mú un kúrò lẹ́ẹ̀mejì.

Kò rẹ́ yín jẹ. Ó kánjú ni, ẹ̀yin náà sì kán an lójú. Ibi tí mo ti bá a wí ni igi mẹ́ta tó kàn dábùú lẹ́yìn yẹn. Ẹ wo àárín ìlẹ̀kùn náà dáadáa. Ṣé kò tíì sán?

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 9, oṣù kìíní)

Ó ti sán! Láti òkè wá sísàlẹ̀, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo rò pé bọ́ọ̀lù làwọn ọmọ gbá lù ú, mo sì ti nà wọ́n sí i.

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ tún bá mi tú èyí. Bí igi bá ń wú tó ń súnkì, kí ló dé tí òkè àti ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn kò yí padà? Gígùn rẹ̀ ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wàhálà wà.

BabaOlukoOmuAran (ọjọ́ 10, oṣù kìíní)

Ọmọ mi, ìbéèrè tí àwọn tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ ní iṣẹ́ igi kì í bi mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Ẹ ro amù tó wà nígun ilé ìyá àgbà. Omi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀, tí a ń fi igbá bù. Ìkejì ti wọ ara amọ̀ fúnra rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn amù gbóná lọ́wọ́. Igi jẹ́ àìmọye amù tín-ín-rín, gígùn, tí Ọlọ́run tò nídùúró láti gbòǹgbò dé orí. Bí wọ́n bá gé igi, omi inú amù ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Igi á fúyẹ́, ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ kò ní dín rárá. Ìgbà tí inú amù bá gbẹ tán, tó ku omi ara ògiri nìkan, omi tó ṣẹ́kù á wúwo tó nǹkan bíi ìdá 28 sí 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni súnkì ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ògiri ló ń tín-ín-rín sí i.

Ti gígùn wá ńkọ́? Fọ́nrán tó wà lára ògiri yẹn, gígùn igi ni púpọ̀ nínú wọn dojú kọ. Àárín fọ́nrán sí fọ́nrán ni omi máa ń wọ̀, á tì wọ́n kúrò lára ara wọn, kò sì lè na fọ́nrán fúnra rẹ̀. Ẹ mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, ẹ ki aṣọ bọ àárín rẹ̀. Ó máa sanra, kò ní ga sí i.

Torí náà, láti tútù yọ̀yọ̀ dé gbígbẹ pátápátá, igi kì í súnkì ju ìdá kan tàbí méjì nínú 1,000 lọ ní gígùn. Ní fífẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ọ̀nà méjì ló sì gbà: láti èèpo lọ sí ọkàn igi, àti yípo bí òrùka. Yíyípo yẹn ló máa ń pọ̀ jù, nígbà mìíràn ó máa ń tó ìlọ́po méjì ìkejì. Afárá ń súnkì bíi 4.5 nínú 100 lọ sí ọkàn, 6.2 yípo. Tíìkì, 2.5 àti 5.8. Arère, 3 àti 5.4. Ọ̀gánwó, 2.5 àti 4.5. Ìrókò, 2.8 àti 3.8, ẹ rí i pé méjèèjì sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tí kì í fi lọ́ púpọ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò. 6.2 pín sí 30 jẹ́ bíi 0.2. Ìyẹn ni pé bí omi ara afárá bá fi ìdá kan yí padà, pákó tí wọ́n là pẹrẹsẹ á fi 0.2 nínú 100 yí padà ní fífẹ̀. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdá 80 lásìkò òjò, omi ara igi á máa lọ sí bíi ìdá 15 tàbí 16 nínú 100. Bí ọyẹ́ bá wá fa ọ̀rinrin náà wálẹ̀ sí 30, igi á máa lọ sí bíi 6. Igi tó nípọn, tí wọ́n kùn, kì í tètè débẹ̀. Ká ní tiyín kúrò ní 15, ó dúró ní 9. Ìdá mẹ́fà nìyẹn. Mẹ́fà lọ́nà 0.2 jẹ́ 1.2 nínú 100, ti 900 mìlímítà sì jẹ́ bíi 11. Ó bá rúlà àwọn ọmọ yín mu.

Ti gígùn, bí ìlẹ̀kùn bá ga ní 2,100 mìlímítà, gbogbo ìyípadà yẹn kò pé mìlímítà kan. Hínjì sì ti di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ni gbogbo rẹ̀ ṣe ya sí ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Igi ìdábùú ńkọ́? Gígùn tirẹ̀ ló dùbúlẹ̀ lórí fífẹ̀ pákó. Òun kò súnkì, pákó ń súnkì, ìṣó sì so wọ́n mọ́ra. Pákó ló máa ya. Ẹ bẹ àwọn ọmọ yẹn.

OmoIjakadi (ọjọ́ 10, oṣù kìíní)

Bàbá, mo gba ìbáwí, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ ra bisikíìtì fún àwọn ìbejì.

OmoOkelele (ọjọ́ 10, oṣù kìíní)

Ẹ ti sọ̀rọ̀ kan mí nígbà tí ẹ mẹ́nu kan amù. Ìdí amọ̀ ni wọ́n bí mi sí ní Dada, ní Òkèlélé níbí. Bí ìyá mi bá mọ ìkòkò tán, kì í gbé e sóòrùn lọ́jọ́ náà. Abẹ́ òjìji ló ń kọ́kọ́ gbé e sí, á fi àpò tó tutù bo ẹnu rẹ̀. Ẹnu ló fẹ́lẹ́ jù, òun ló ń tètè gbẹ; bó bá súnkì kí ìdí tó súnkì, ó ti sán nìyẹn, kò tíì dé ojú iná rárá. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ igi náà nìyẹn.

AlfaOloje (ọjọ́ 11, oṣù kìíní)

Àsàlámù aléékùm. Ilé kéú ni mo wà, wàláà, pákó tí àwọn ọmọ fi ń kọ kéú, sì ti ń dààmú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló fi ń kọ̀wé, ojú yẹn ló ń fọ̀ lójoojúmọ́, yálà àwọn òbí rẹ̀ gba hàńtú rẹ̀ (omi tí wọ́n fi fọ wàláà) tàbí wọn kò gbà á. Ẹ̀yìn wàláà kì í tọ́ omi wò. Kí ọdún tó yí po, ojú tó ń fọ̀ á ti jin sínú bí àwo pẹrẹsẹ, tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé á máa ṣàn wá sí àárín, álífù á wọ́.

Èyí ló rú mi lójú: ẹ ní omi ń wú igi. Ó yẹ kí ojú tó ń mu omi yọ síta. Kí ló wá ń fà á wọlé?

BabaOlukoOmuAran (ọjọ́ 11, oṣù kìíní)

Wa aléékùm sàlámù, Ààfáà. Ó ń yọ síta. Ẹ wò ó ní kété tí ọmọ bá fọ̀ ọ́ tán, kó tó gbẹ: ẹ fi rúlà dábùú rẹ̀, ẹ ó rí i pé àárín ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó tutù fẹ́ fẹ̀, ẹ̀yìn tó gbẹ kò gbà fún un. Kò rí àyè lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ pa. Àwọn amù kéékèèké ojú yẹn á rún díẹ̀. Bí oòrùn bá wá gbẹ ẹ́, ó máa kéré ju bó ṣe wà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, ni ó fi jin.

Kí wọ́n máa fọ ojú méjèèjì, kí wọ́n sì fi í ti ògiri lóròó lábẹ́ òjìji, kí atẹ́gùn máa kọjá níwájú àti lẹ́yìn.

AlfaOloje (ọjọ́ 11, oṣù kìíní)

Allāhu Akbar. Olùkọ́ wa àgbà máa ń ní ká fọ ẹ̀yìn wàláà náà. Gbogbo wa ń kùn sí i. A rò pé ó kàn fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wa ni.

AgbeIgbaja (ọjọ́ 11, oṣù kìíní)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ní Ìgbájà níbí, ọyẹ́ ni ìgbà tí orí ọkọ́ ń jábọ́ kúrò lára ẹ̀rúkọ́. Gbogbo wa la mọ oògùn rẹ̀: ki í bọ inú omi di ọjọ́ kejì, á le gírígírí. Àmọ́ kò tó ọ̀sẹ̀ kan, á tún máa mì, á sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti ń fi ẹjọ́ sun alágbẹ̀dẹ.

BabaOlukoOmuAran (ọjọ́ 12, oṣù kìíní)

Alágbẹ̀dẹ kò jẹ̀bi. Wàláà Ààfáà náà ni. Irin kò fẹ̀, igi fẹ́ fẹ̀ nínú irin, ó fún ara rẹ̀ pa. Ọjọ́ tó bá gbẹ, ó ti tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún rẹ ẹ́, ẹ tún dín in kù. Igi pẹlẹbẹ gbígbẹ ni kí ẹ gbá sí i lójú, ẹ fi omi sílẹ̀.

AgbeIgbaja (ọjọ́ 12, oṣù kìíní)

Ó dáa. Bàbá bàbá mi kì í fi ẹ̀rúkọ́ tútù sí ọkọ́. Ó máa ń kó wọn sórí àjà lókè ibi ìdáná, èéfín á máa rú sí wọn lára títí wọ́n á fi dúdú. Mo rò pé nítorí kòkòrò ni.

BabaOlukoOmuAran (ọjọ́ 12, oṣù kìíní)

Nítorí kòkòrò náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó tún rí níbẹ̀: igi tó ti orí àjà wá ti gbẹ ju bí afẹ́fẹ́ oko ṣe lè gbẹ ẹ́ lọ. Ọjọ́ tó bá wọ inú irin ló kéré jù. Láti ọjọ́ náà lọ, kíkún ló kù tó lè máa kún. Bàbá yẹn mọ̀wé.

OmoAgbegilereOsi (ọjọ́ 13, oṣù kìíní)

Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan tó ta ko èyí wá. Òsì ni mo ti wá, ní Èkìtì ti Kwara, ìlú Aréògún, agbẹ́gilére ńlá tó kú ní nǹkan bí ọdún 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ náà di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, òun ló sì kọ́ Lamidi Fakeye níṣẹ́. Ilé tiwa kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi gbẹ́gi. Igi tútù ló ń gbẹ́. Ó ní igi gbígbẹ ń ba ẹnu àáké jẹ́, ó sì ń ba ọwọ́ jẹ́.

Bí igi tútù bá ń súnkì báyìí, kí ló dé tí gbogbo ère ò ti ya tán? Òótọ́ ni pé àwọn kan ya. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun méjì. Àkọ́kọ́, bí ó bá gbẹ́ dé ìdajì lọ́jọ́ kan, kì í fi í sílẹ̀ gbalasa. Ewé tútù ló fi ń wé e, á gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá tó ṣókùnkùn. Ìkejì, bí ère kò bá ní ju apá lọ, kì í fi odindi igi gbẹ́ ẹ. Á la igi sí méjì, á sì fi ọkàn igi sílẹ̀ síta.

BabaOlukoOmuAran (ọjọ́ 13, oṣù kìíní)

Kò ta kò ó rárá. Ohun méjèèjì yẹn gan-an ni ìdáhùn.

Odindi igi máa ń ya torí pé yíyípo ń súnkì ju lílọ sí ọkàn lọ. Ẹ fojú inú wò ó bí ìgbànú tó ń fún ju bí ikùn ṣe ń fọn lọ. Ibì kan gbọ́dọ̀ já. Bí ẹ bá ti yọ ọkàn kúrò, tàbí tí ẹ là á sí méjì, ìgbànú náà ti tú, igi lè súnkì bó ṣe fẹ́ láìya. Ewé tútù ní tirẹ̀ ń mú kí ìta àti inú máa gbẹ pọ̀, bí àpò tútù ti Òkèlélé.

Ẹ wo odó. Ibi tí a gbẹ́ jìn yẹn ni ọkàn igi wà tẹ́lẹ̀, a ti kó o jáde. Ìdí odó nìkan ló kù sí. Ẹ lọ wo odó tó bá ti ya, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀.

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 13, oṣù kìíní)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìdáná dé. Ìdí ni.

BoyeTaiwo (ọjọ́ 14, oṣù kìíní)

Gbogbo èyí ti gùn jù. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú pa ìlẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi kun ọ̀dà lé e. Omi ò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́.

KafintaGaaAkanbi (ọjọ́ 14, oṣù kìíní)

Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀dà wo ló máa lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì? Igi òrùlé la ń fi pa nítorí ikán, ẹnikẹ́ni kì í fara ro òrùlé. Ìlẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ń fi èjìká tì ńkọ́? Aṣọ ilé ìwé wọn á rí bí ti mẹ́káníìkì.

Ọ̀dà àti fáníìṣì dára, ẹ má gbọ́ mi ṣì. Àmọ́ ẹ̀wù òjò ni wọ́n. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù òjò rìn wákàtí kan á délé ní gbígbẹ. Ẹni tó bá dúró nínú òjò oṣù mẹ́ta, ẹ̀wù òjò ò lè gbà á. Wọ́n ń fa ìrìn omi sẹ́yìn, wọn kì í dí i pa.

Ibi tí a sì ń gbàgbé kùn ni omi fẹ́ràn jù. Bàbá ti sọ pé amù tó dúró lóòró ni igi. Níbo ni ẹnu àwọn amù náà wà? Ní òkè ìlẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ayùn gé dábùú. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé ní ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bó ṣe ń gba ojú pákó. Ìyá Ìbejì, ẹ gun àga, ẹ fi fóònù ya òkè ìlẹ̀kùn yín, ẹ gbé e síbí.

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 14, oṣù kìíní)

Mo ti yà á, àwòrán ló kọ̀ tí kò gòkè. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ rárá. Igi lásán ni, funfun, àmì pẹ́ńsù káfíńtà ṣì wà lórí rẹ̀. Mo wá fi fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ya ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ náà kò rí ọ̀dà, ó sì ti dúdú. Ibẹ̀ ni omi tí mo fi ń fọ ilẹ̀ ń kọjá láràárọ̀.

OnibureediOro (ọjọ́ 16, oṣù kìíní)

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi ní tèmi ṣe àyẹ̀wò kan. Mo ra pákó wán-baì-tuwẹ́ẹ́fù mẹ́jọ láti fi ṣe pẹpẹ búrẹ́dì. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti gbẹ wáráwárá. Mo bi àwọn ọmọ mi tó mọ fíṣíìsì bí mo ṣe lè mọ̀, wọ́n kọ́ mi, mo sì ṣe é.

Mo gé ègé kékeré láti àárín pákó, n kò gé e nítòsí orí rẹ̀ torí orí máa ń gbẹ kọjá àárín. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìwúkàrà: 84 gíráàmù. Mo gbé e sínú ààrò kékeré. Ooru 103 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí n fi sí. Kò sí lójú ààrò mi, mo fi sí àárín 100 àti 110. Mo ń yọ ọ́ ní wákàtí wákàtí, mo ń wọ̀n ọ́n. 79. 74. 71. 69. 68. 68. Nígbà tí kò wálẹ̀ mọ́, mo ṣírò: 84 yọ 68, ó ku 16. 16 pín sí 68, ó jẹ́ ìdá 23.5 nínú 100. Gbogbo ilé ìṣe búrẹ́dì ń rùn bí ìdí ayùn lọ́jọ́ náà, oníbàárà kan bi mí bóyá irú búrẹ́dì tuntun ni.

Ẹni tó tà á kò purọ́ tán. Omi inú amù ti lọ, pákó ti fúyẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú súnkì rẹ̀ ṣì wà níwájú.

BabaOlukoOmuAran (ọjọ́ 16, oṣù kìíní)

Ẹ kú ọpọlọ pípé. Ẹ má tíì kan án. Ẹ to wọ́n sábẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri, kí wọ́n ga kúrò nílẹ̀ tó orúnkún. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìnípọn wọn dọ́gba sáàárín pákó kan àti ìkejì, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà lórí ara wọn gan-an láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí wọ́n bá ṣe ségesège, pákó á tẹ̀ sí ibi tí wọ́n bá ti yẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù nílé kun orí pákó méjèèjì, kí ẹnu amù má bàa gbẹ ṣáájú. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé òkè. Ọyẹ́ á bá yín ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún gé ègé kan bọ ààrò. Bí ó bá ti wọ 12 tàbí kó dín, ẹ pe káfíńtà.

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 17, oṣù kìíní)

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé mi, kí ni kí n wá ṣe sí tèmi? Ọkùnrin náà ní òun á lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí rẹ̀ lọ́la kí àlàfo di.

KafintaGaaAkanbi (ọjọ́ 17, oṣù kìíní)

Ẹ dá a dúró! Bó bá lẹ igi mọ́ ọn lọ́yẹ́, ẹ ó tún máa fi èjìká tì í lóṣù kẹjọ, á tún wá fá a, ẹ̀yin àti òun á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí.

Bówó bá wà, ẹ jẹ́ kó ṣe òmíràn, èyí tó ní férémù tirẹ̀: igi méjì tó fẹ̀ ní 100 mìlímítà lóròó lẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Kó gbẹ́ ojú ihò gbọọrọ sínú wọn, kí pákó inú kì bọ̀ ọ́ láìsí gọ́ọ̀mù, láìsí ìṣó, kó lè máa fẹ̀ kó máa súnkì níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló máa ṣe ìyàtọ̀ ní fífẹ̀, 200 mìlímítà. Ní ìṣirò Bàbá, kò ju mìlímítà méjì àti díẹ̀ lọ.

Bówó ò bá sí, ẹ fi èyí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ní kó yọ ìṣó igi ìdábùú lẹ́yìn, kó fi síkúrù rọ́pò wọn. Síkúrù ti àárín kó dúró gírígírí sójú kan. Ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, kó lu ihò wọn gbọọrọ bí ojú bọ́tìnnì, kí pákó lè máa rìn lábẹ́ síkúrù. Kó kan igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú ìta ìlẹ̀kùn létí kọ́kọ́rọ́, tó yọ kọjá etí ní 20 mìlímítà, tó bo àlàfo náà lọ́yẹ́ àti lójò. Kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ sí èyí tí ahọ́n rẹ̀ gùn. Kí wọ́n kun òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Aláǹgbá náà á wá ọ̀nà mìíràn.

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ)

Ẹ kú òjò o. Mo ṣèlérí fún ọ̀gá káfíńtà pé n ó padà wá jábọ̀.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ló ń kọ́ òun níṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí lẹ́nu ọ̀nà, ó dákẹ́, ó ní kí n tún ibi amù kà. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ lóṣù kẹta, owó síkúrù àti ti kọ́kọ́rọ́ nìkan ló gbà. Ibi tó sán ti pa dé fúnra rẹ̀ báyìí, àfi bí èèyàn bá fi èékánná wá a.

Mo ní kí àwọn ìbejì máa wọn àlàfo náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sára férémù pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ó wà níbẹ̀: oṣù kejì, 11. Oṣù kẹta, 11. Oṣù kẹrin, 10. Oṣù karùn-ún, 8. Oṣù kẹfà, 6. Oṣù keje, 4. Oṣù kẹjọ, 3. Ó ń ṣí, ó ń tì, kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀.

OmoIjakadi (ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ)

Aláǹgbá ńkọ́?

IyaIbejiTanke (ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ)

Ojú fèrèsé ló ń gbà báyìí.